Ọwọ́ tí ń sọ̀rọ̀: Bí àwọn àgbà olùdarí orin ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, pẹ̀lú àkíyèsí láti Atakpamé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé ohun tí àgbà olùdarí orin máa ń fi lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àwọn àmì ọwọ́ tí gbogbo ènìyàn ń rí kọ́ ni olórí ẹ̀kọ́ náà. Olórí ẹ̀kọ́ náà ni ìgbọ́ràn tí ó ṣáájú àmì. Ní àwùjọ tí èdè rẹ̀ jẹ́ èdè olóhùn, irú èyí tí a ń sọ ní Atakpamé àti ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbọ́ràn yẹn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn ọ̀rọ̀. Mo fi ìrírí ara mi, ìtàn àwọn olùkọ́ tí a mọ̀ káàkiri ayé, àti ohun tí mo rí ní Tógò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ní ìparí, mo dá àwọn èdè-ìperí díẹ̀ lábàá.

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ mìíràn ni mo bá lọ sí Atakpamé. Mo fẹ́ gba àwọn ọ̀rọ̀ ìbátan sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń sọ èdè Ifè, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ànà, èdè tí ó bá Yorùbá tan pẹ́kípẹ́kí. Ìlú náà wà láàárín àwọn òkè, ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé, ní ẹkùn Plateaux. Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn Ifè ibẹ̀ máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun wọn. Ọmọ Yorùbá tí ó bá jókòó tì wọ́n yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó mọ̀ dáadáa, kí ó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ méjì ti kọjá tí kò yé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹni tí ó gbà mí lálejò mú mi lọ sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá àgbàlagbà kan ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ní bí a ṣe ń darí akọrin níbẹ̀. Bàbá náà ti darí akọrin àti àwọn afunfèrè fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò sí akọrin kankan nínú gbọ̀ngàn náà, kò sì sí dùùrù. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀dọ́ náà ní ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ sórí àga. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹnikẹ́ni kò gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ orin ni wọ́n ń sọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé, bàbá a ní kí ó tún un sọ.

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí èmi náà ti kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ọ̀nà tí a gbà kọ́ mi kò sì jọ èyí rárá. Ìyàlẹ́nu yẹn ni ó bí iṣẹ́ yìí. Mo rò pé ó kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ju bí ó ti hàn lójú lọ, nítorí ìbéèrè tí bàbá náà ń dáhùn jẹ́ ìbéèrè tiwa: báwo ni àmì ṣe ń ní ìtumọ̀, ta sì ni ó ni ìtumọ̀ náà?

2. Orúkọ oníṣẹ́ náà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ tí à ń pe oníṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì conductor ti wọ Yorùbá ní Nàìjíríà tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni ó gbà wọlé: kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ èrò, tí ó sì ń ké orúkọ ibùdókọ̀. Ní Tógò àti Benin, ọ̀rọ̀ Faransé tí ó jọ ọ́, conducteur, ni awakọ̀. Láàárín àwọn olórin tí ń sọ Faransé, conducteur kan náà tún ni ìwé tí a kọ ipa gbogbo ohun èlò orin sí lójú kan, èyí tí olùdarí máa ń ṣí síwájú. Ẹni tí ń darí gan-an ni wọ́n ń pè ní chef, ìyẹn olórí. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Dirigent, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí kí a tọ́ nǹkan sọ́nà.

Olùdarí ni ti Yorùbá. Mo gbà pé dà àti orí ni ó di darí, bí dà àti ẹran ṣe di daran nínú darandaran. A mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Ìpajẹ fáwẹ̀lì ni ó parí iṣẹ́ náà. Bí ìtúpalẹ̀ yìí bá tọ̀nà, olùdarí ni ẹni tí ń yí orí nǹkan sí ibi tí ó yẹ kí ó kọjú sí. Èyí yàtọ̀ sí olórí. Ènìyàn lè jẹ́ olórí lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n kò sí olùdarí bí kò bá sí ohun tí ń rìn.

Yorùbá tún ní ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ti olùdarí orin: atọ́kùn, tí ń mú ọ̀pá tọ́ egúngún sọ́nà láàárín èrò. Ọ̀pá atọ́kùn kì í dún bí ìlù, kì í sì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n egúngún mọ ohun tí ó ń wí. Ọ̀pá tín-ín-rín ọwọ́ olùdarí náà kò dún. Òun nìkan ni kì í pariwo láàárín gbogbo àwọn tí ó dìde láti kọrin.

3. Ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì

Àwọn àmì tí ó hàn sí gbogbo ènìyàn kò pọ̀. Jẹ́ kí n pe ìró tí à ń kà nínú orin ní ìgbésẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ méjì-méjì, ọwọ́ ọ̀tún yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀, yóò sì gòkè. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ìsàlẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ọ̀tún, lẹ́yìn náà òkè. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òkè. Òfin méjì ni kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀: ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìgbésẹ̀ ìkẹyìn sì gbọ́dọ̀ gòkè. Ọwọ́ òsì kì í ka ìgbésẹ̀ bí kò bá nídìí. Òun ni ó ń sọ bí ó ṣe yẹ kí ohùn rí, tí ó ń pe ẹni tí ó kàn, tí ó sì ń dá ohùn dúró tàbí gé e kúrò. Hector Berlioz ti ya àwòrán àwọn ìrìn ọwọ́ wọ̀nyí, ó sì ṣàlàyé wọn, nínú ohun tí ó kọ nípa olùdarí orin ní 1855.

Irú àmì wo nìyí? Nínú Hand and Mind, tí ó jáde ní 1992, David McNeill to ìfọwọ́sọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ lórí okùn kan tí ó fi orúkọ Adam Kendon pè. Ní ìkángun kan ni ọwọ́ tí à ń jù bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi òfin dè. Ní ìkángun kejì ni èdè àwọn adití, tí ó ní gírámà tirẹ̀ bí èdè ẹnu. Ọwọ́ olùdarí kò dúró sí ojú kan lórí okùn yìí. Ọwọ́ ọ̀tún sún mọ́ èdè: ó ní òfin ìtòtẹ̀léra, ó ní ìyàtọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó bá sì fi òkè bẹ̀rẹ̀ ti ṣe àṣìṣe, bí ẹni tí ó gbé àbọ̀ ṣáájú olùwà. Ọwọ́ òsì sún mọ́ ìkángun kejì: bí ó bá kéré, ohùn yóò kéré, bí ó bá gbòòrò, ohùn yóò gbòòrò, kò sì sí ààlà tí a lè fi sọ pé ibí ni kékeré parí sí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ya ọwọ́ olùdarí sọ́tọ̀ kúrò lára àmì èdè gbogbo, ohun náà sì ni àkókò. Bí mo bá sọ̀rọ̀, o ó gbọ́ kí o tó fèsì. Akọrin kò lè dúró rí àmì kí wọ́n tó dáhùn. Bí àmì bá ṣe ń parí ni ohùn gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí náà, àmì tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ó ṣáájú ohùn. Àwọn ará Tógò ń pè é ní levée, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Èmi yóò pè é ní ìgbéwọ́. Nínú ìgbéwọ́ kan ṣoṣo, akọrin gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọn yóò wọlé, bí orin yóò ṣe yára tó, àti bí ohùn yóò ṣe rinlẹ̀ tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ibi tí wọn yóò ti mí pẹ̀lú, nítorí olùdarí tí kò mí kò lè gbé ọwọ́ tí yóò mú ẹlòmíràn mí.

Èyí ni ó fà á tí ẹni tí ó bá ní làákàyè fi lè kọ́ ìrìn ọwọ́ ní ọ̀sán kan, tí yóò sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìgbéwọ́. Ọwọ́ kò lè sọ ohun tí etí inú kò tíì gbọ́.

4. Àwọn àgbà àti ọmọ iṣẹ́ wọn

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àgbà olùdarí lè kọ́ ọmọ iṣẹ́? Ní ọ̀rúndún ogún, ìdáhùn oríṣiríṣi jáde, mo sì fẹ́ kí a gbé mélòó kan yẹ̀ wò.

Hermann Scherchen, ọmọ Jámánì, tẹ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde ní 1929. Èrò rẹ̀ ni pé kí olùdarí ti gbọ́ gbogbo orin náà nínú ara rẹ̀ kí ó tó dé iwájú àwọn olórin. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ kò ní ohun tí yóò fi wé èyí tí wọ́n ń lù fún un. Níbi yìí, ẹ̀kọ́ olùdarí bẹ̀rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Hideo Saito (1902–1974) kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Tōhō ní Tokyo. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Seiji Ozawa ti kọ́ṣẹ́. Saito tú ìrìn ọwọ́ palẹ̀ bí àwa ṣe ń tú ìró palẹ̀, ó sì fún irú kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ní èdè Jàpáànù, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1956. Tataki ni lílù. Shakui ni bíbù, bí ẹni ń bu omi. Heikin undō ni ìrìn ọwọ́ tí kò yára, tí kò sì falẹ̀. Orin tí wọ́n ń darí ti Yúróòpù wá, ṣùgbọ́n orúkọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé ìdáná mọ̀. Mo fẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí a bá dé orí èdè-ìperí.

Ilya Musin kọ́ àwọn olùdarí ní Leningrad, tí ó padà di St Petersburg, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Yuri Temirkanov, Semyon Bychkov àti Valery Gergiev wà lára àwọn tí ó kọ́. Bí a bá wo wọn lórí fídíò, ọwọ́ ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Bákan náà ni Leonard Bernstein: ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fritz Reiner, tí ìrìn ọwọ́ rẹ̀ kéré débi pé ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn gbọ́dọ̀ fojú sílẹ̀ kí ó tó rí i, ó sì tún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Serge Koussevitzky ní Tanglewood láti 1940, ẹni tí ó gbà á láyè láti fi gbogbo ara darí. Bernstein kò di Reiner, kò sì di Koussevitzky. A lè pe ìwọ̀nyí ní ẹ̀ka-èdè ọwọ́: ọ̀rọ̀ yàtọ̀, wọ́n sì gbọ́ ara wọn.

Ní Helsinki, Jorma Panula gba ọ̀nà mìíràn. Ó máa ń mú ọmọ iṣẹ́ dúró níwájú àwọn olórin gidi, a ó ya á sí fídíò, ọmọ iṣẹ́ a sì jókòó wo ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ kì í pọ̀. Esa-Pekka Salonen àti Sakari Oramo wà lára àwọn tí ó jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí fídíò ń fi han ọmọ iṣẹ́ ni pé èrò rẹ̀ nípa ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni ìtumọ̀ ọwọ́ náà. Ohun tí àwọn olórin ṣe nígbà tí wọ́n rí i ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Àgbà kan ń kọ́ni láti gbọ́, èkejì ń kọ́ni láti pe nǹkan ní orúkọ, ẹ̀kẹta ń kọ́ni láti rí ara ẹni. Gbogbo wọn fẹnu kò lórí pé ìrìn ọwọ́ kì í ṣe ìparí ẹ̀kọ́. Àwa tí à ń kọrin ní èdè olóhùn ní ẹrù kan sí i lórí tiwọn.

5. Ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin

Mo wà ní ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olùdarí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó kọ́ mi mọ ọwọ́ dáadáa. Ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òkè: mo lè ṣe é lójú oorun. Mo kọ orin kan fún ayẹyẹ ọdún, mo sì fi ẹ̀bẹ̀ sí ìparí rẹ̀ pé kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa. Orin mi bọ́ sílẹ̀ lórí sílébù ì, ó dúró sí ojú kan náà lórí èkejì, ó sì gòkè díẹ̀ lórí wa. Ọwọ́ mi gún régé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọ gbọ́ ni pé kí Ọlọ́run bùkún ìlù wa. Onílù wa kò jẹ́ kí ó kọjá lọ bẹ́ẹ̀: ó na ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Àmín." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi sì rọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìlú ní ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè. Ìlù ní ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Ìró orin tí mo kọ, tí ó dúró sí ojú kan lórí sílébù méjèèjì, bá ìlù mu pátápátá. Kì í ṣe pé ìjọ ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Wọ́n gbọ́ ohun tí mo kọ gan-an. Bákan náà, bí orin bá dúró sí ojú kan lórí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọkọ̀, ọkọ ni etí yóò gbà. Bí ó bá gòkè, ọkọ́ ni.

A kò wí pé ìró orin gbọ́dọ̀ bá gbogbo ohùn ọ̀rọ̀ dọ́gba. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá, ohùn òkè kan kì í dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Bí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bá ń gbapò ara wọn nínú gbólóhùn, ohùn òkè tí ó wà nítòsí ìparí máa ń rẹlẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ọmọ Yorùbá yóò sì tún gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohùn òkè. Ohun tí etí ń wá ni ìbáṣepọ̀ sílébù kan pẹ̀lú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún yẹ kí a rántí pé ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lójijì. Ó máa ń yọ́ gòkè ni. Nítorí náà, lú nínú ìlú lè gba ìró orin méjì tí a so pọ̀, etí yóò sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Olùdarí tí ó mọ èyí yóò fún sílébù náà láyè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò sáré kọjá, yóò sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí orin náà kò fi dùn.

Ìṣòro tí ó tóbi jù wà nínú àwọn orin tí a túmọ̀. Orin Yúróòpù ni a ṣe fún èdè tí ó ní ìtẹnumọ́ lórí sílébù. Sílébù tí a tẹnu mọ́ ni ó máa ń bọ́ sórí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí ọwọ́ olùdarí ti bọ́ sí ìsàlẹ̀. Yorùbá kò ní irú ìtẹnumọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ìró orin kan ni a fi ń kọ ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ìró náà bá tilẹ̀ bá ohùn ẹsẹ kìn-ín-ní mu, ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì yàtọ̀, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Kò sí ọgbọ́n atúmọ̀ èdè tí ó lè mú kí gbogbo ẹsẹ ṣe déédéé.

Àwọn kan ti jìjàdù lórí èyí ṣáájú wa. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips (1884–1969) kọ́ orin ní Trinity College ní London, ó sì darí orin ní Kàtídírà Christ Church ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta nìyẹn. Ó kọ orin ìjọsìn tí ìró rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ nínú ìwé Yoruba Music ní 1953. Fẹlá Ṣówándé (1905–1987), tí ó kọ African Suite, àti Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ohun tí ó fi lé wọn lọ́wọ́ ju ọ̀nà tí a ń gbà lu dùùrù lọ: ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní orin nínú kí olórin tó fọwọ́ kàn án. Ní apá Ewe, Ephraim Amu (1899–1995), ọmọ Peki ní Gánà, ṣe bákan náà nínú àwọn orin akọrin tí ó kọ ní Ewe àti Twi. Èyí kan Atakpamé tààrà, nítorí Ewe ni ọ̀pọ̀ ìjọ ní gúúsù Tógò fi ń kọrin.

6. Ìyá ìlù

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdarí ohùn púpọ̀ jẹ́ nǹkan àjèjì láàárín wa. Nínú ẹgbẹ́ onídùndún, ìyá ìlù ni olùdarí. Ó ń pe àwọn yòókù wọlé, ó ń yí orin padà, ó ń dá a dúró, kò sì lo ọwọ́ òfo láti ṣe é. Ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ni ó fi ń darí. Ọmọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá ìlù. Ìlù kékeré ni a ó kọ́kọ́ gbé fún un, irú gúdúgúdú, tí ìlù rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, kí ó lè jókòó sínú ìró náà fún ọdún púpọ̀, kí ó máa gbọ́ bí ìyá ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ó bá di pé ó mọ ohun tí ìyá ìlù fẹ́ sọ kí ó tó sọ ọ́ ni a tó lè fi ìyá ìlù kọ́ ọ lọ́rùn.

Ìlànà Scherchen nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onílù kò gbọ́ orúkọ Scherchen rí: gbọ́ kí o tó darí. Ohun tí onílù fi kún un ni pé ohun tí a óò gbọ́ náà ní ọ̀rọ̀ nínú.

7. Atakpamé lẹ́ẹ̀kan sí i

Mo padà sí gbọ̀ngàn náà ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin sí i. Bàbá ń da Faransé, Ewe àti Ifè pọ̀ bí ó ṣe ń kọ́ni, ibi tí Ifè bá sì ti pọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ jù. Ọ̀nà rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ yóò sọ ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀rọ̀ ilé. Lẹ́yìn náà, yóò pa ẹnu dé, yóò fi imú kùn ohùn rẹ̀ nìkan, láìsí kọ́ńsónáǹtì, láìsí fáwẹ̀lì, bí ìgbà tí ìlù bá ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ìró orin náà, tí yóò sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìró orin àti ohùn ọ̀rọ̀ kò ti gba ọ̀nà kan náà. Ìgbà yẹn ni yóò tó gbé igi ìgbálẹ̀ nílẹ̀.

Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ń lo àkókò tó bẹ́ẹ̀ lórí sísọ. Ó ní, "Ọmọ mi, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìwé." Ó yé mi. Láti ìgbà àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975, Ewe àti Kabiyè ni Tógò yàn ní èdè orílẹ̀-èdè. Ifè kò sí nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń sọ Ifè láti ilé, ṣùgbọ́n etí tí wọ́n fi ń kàwé jẹ́ etí Faransé, níbi tí gíga tàbí ìrẹlẹ̀ ohùn kì í ti í yí ọ̀rọ̀ kan padà sí òmíràn. Bí wọ́n bá ti rí Ifè lórí tákàdá, wọ́n a tẹ́ gbogbo ohùn rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohun tí bàbá ń ṣe ni pé ó ń dá etí ilé padà fún wọn kí ó tó fún wọn ní ọ̀pá.

Kí ni ó ń ṣe sí ibi tí ìró orin àti ohùn ọ̀rọ̀ ti ń jà? Kò lè yí orin tí gbogbo ìjọ mọ̀ padà. Ọwọ́ òsì ni ó lò. Bí ibẹ̀ bá ń bọ̀, ó máa ń yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, láti orí ìgbéwọ́ tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, kí akọrin má baà fi agbára lé ìró tí ń ṣini lọ́nà. Bí ìró kejì bá sì wà tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, ó máa ń ṣí àtẹ́lẹwọ́ náà sókè kí wọ́n lè jókòó lé e. N kò rí àmì yìí nínú ìwé olùdarí kankan tí mo kà. Ìṣòro èdè olóhùn ni ó bí i.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, bàbá ní kí n darí. Mo gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi pẹ̀lẹ́ gba igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ orin náà fún òun. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́rìn-ín, mo sì tún un sọ.

8. Àbá nípa èdè-ìperí

Àwọn onímọ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ ńlá nínú Yoruba Metalanguage, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Iṣẹ́ olùdarí orin nílò irú èyí, ọ̀nà Saito ni mo sì fẹ́ kí a tọ̀: kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti ilé. Mo dábàá ìgbéwọ́ fún ìrìn ọwọ́ tí ó ṣáájú ohùn. Ìsọ̀wọ́ fún èyí tí ó bọ́ sórí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ìpè fún àmì tí a fi ń mú ẹnì kan wọlé. Ìdádúró fún ìró tí a fà gùn kọjá ìwọ̀n rẹ̀. Ìgékúrò fún òpin ohùn. Fún àmì bàbá Atakpamé, mo dábàá ìtùnùn, nítorí ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń tu ohùn ọ̀rọ̀ tí ìró orin fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo sọ kò pọ̀. Ìrìn ọwọ́ olùdarí jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n ìdáhùn akọrin ni ó fún un ní ìtumọ̀, ìgbéwọ́ sì ni ọkàn rẹ̀. Àgbà tí ó mọṣẹ́ ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti gbọ́ kí ó tó gbé ọwọ́. Ní èdè olóhùn, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní Atakpamé, ní Èkó, ní Porto-Novo àti ní Ìbàdàn, àwọn àgbà olùdarí akọrin wà tí wọ́n ní àmì àti ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ bá wọn, ẹ mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti fídíò dání, nítorí ohùn nìkan kò ní fi ọwọ́ hàn, àwòrán nìkan kò sì ní fi ohùn hàn. Ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí ọwọ́ wọn túmọ̀ sí. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ orin náà fún yín bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.